Ṣé Ivie Kò Tíì Yó?

Tèmidire jí ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Tèmidire. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó dé ìlú Benin.

Báńkì tí Mọ́mì ń bá ṣiṣẹ́ ló ní kó kúrò ní Ìkirun. Mọ́mì gbé báàgì. Tèmidire gbé bàtà. Gbogbo wọn bá kó wá sí àdúgbò Uwasota ní Benin.

Màmá Àgbà náà tẹ̀lé wọn. Ta ló tó láti fi Màmá Àgbà sílẹ̀ sẹ́yìn?

Ní Sátidé yìí, Mọ́mì ń wé gèlè wéréwéré.

"Ẹ múra kíá," Mọ́mì wí. "Àlejò ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Omi ti gbé ilé wọn lọ."

Tèmidire wo omi inú ife rẹ̀.

Omi? Omi ló gbé ilé?

"Mọ́mì, odindi ilé?"

"Odindi ilé. Odò kún, ó kún, ó kún, ó bá wọ inú abúlé wọn."

"Ó gbé ilẹ̀kùn?"

"Ó gbé ilẹ̀kùn."

"Ó gbé bẹ́ẹ̀dì?"

"Ó gbé bẹ́ẹ̀dì."

"Ó gbé ìkòkò?"

"Ó gbé ìkòkò, ó gbé ọbẹ̀ inú rẹ̀."

Háà! Ẹnu ya Tèmidire.

Ó rọra gbé ife náà sílẹ̀. Kò mu omi yẹn mọ́.

Wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Gù-gù-gù-gù! Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

Ẹ̀yìn níbẹ̀ ni Àǹtí Adébùkọ́lá ti ń dáná. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń se oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkòkò rẹ̀ tóbi débi pé Tèmidire lè jókòó sínú rẹ̀.

Mọ́mì lọ bá a gé àlùbọ́sà. Ó ń gé e, ojú rẹ̀ ń ṣomi.

Páà! Páà! Bọ́ọ̀sì míṣọ̀n dé.

Pásítọ̀ Babájídé ló wà á. Mátírẹ́ẹ̀sì kún inú bọ́ọ̀sì náà fọ́fọ́. Ẹni méjì péré ló rí àyè jókòó.

Ìyá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ẹrù kékeré kan dání.

Ọmọbìnrin kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e.

Wọ́n ti fi káàdì kọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Tèmidire sún mọ́ ọn, ó ka orúkọ tó wà níbẹ̀.

"I. Vi. E. Ivie!"

Tèmidire wo ẹsẹ̀ Ivie. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn títí dé orúnkún. Bàtà ẹyọ kan ló wọ̀. Omi ti gbé ẹyọ kejì lọ.

Háà! Ẹnu tún ya Tèmidire.

Pásítọ̀ Babájídé yọ orí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú wọn. Ìyá Ivie àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà létí odò. Mo fẹ́ lọ gbé wọn wá. Tí mo bá ti dé, ilé tuntun yá! Yàrá wọn ti wà nílẹ̀."

"Ó dáa, Pásítọ̀," ni Màmá Àgbà dáhùn.

"Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n kúrò níbí o! Tí wọ́n bá kúrò, ibo la ti fẹ́ wá wọn?"

Vùùùù! Bọ́ọ̀sì lọ.

Màmá Àgbà tẹ́ ẹní fún àwọn àlejò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Ẹ sì mọ àwọn ará Ìkirun tó bá di ọ̀rọ̀ ìkíni.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ewu! Ẹ kú ewu omi! Ẹ kú ìrìn! Ẹ kú àárẹ̀! Ẹ kú ìjókòó!"

Ìyá àgbà náà ń wò ó. Kò dáhùn.

Ivie ń wò ó. Kò dáhùn.

Kò sí "a dúpẹ́" kankan. Kò sí "ẹ ṣé" kankan.

"Ó mà ṣe o," Màmá Àgbà sọ fún Tèmidire. "Ọ̀rọ̀ omi yẹn ti kó bá wọn. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà náà gbé ọwọ́ lé èjìká Ivie. Ó wo Màmá Àgbà lójú. Ó ní:

"Kóyo."

Tèmidire fò sókè.

"Màmá! Wọ́n sọ̀rọ̀! Wọ́n ní Ivie kò yó!"

Lóòótọ́, ohùn ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ebi bá ń pa ọmọ, ta ló ń dúró wo ohùn?

Tèmidire sáré. Gbì-gbì-gbì! Ó bu ìrẹsì wá.

Ó gbé e síwájú Ivie. Ivie wo ìrẹsì. Ivie wo Tèmidire. Ó sún mọ́ ìyá àgbà rẹ̀, ó ní:

"Kóyo."

"Màmá! Ó ní màmá òun náà kò yó!"

Gbì-gbì-gbì! Tèmidire gbé iṣu wá. Iṣu gbígbóná pẹ̀lú ẹyin díndín.

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan iṣu. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ìrẹsì.

"Kóyo," ìyá àgbà náà wí.

"Kóyo," Ivie náà wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré gan-an.

"Háà! Àwọn méjèèjì kò yó!" Màmá Àgbà wí.

"Wọn ò tíì jẹ ẹ́, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àwọn ò yó?" Tèmidire béèrè.

Màmá Àgbà mi orí.

"Ojú ni wọ́n fi wò ó. Wọ́n ti rí i pé kò lè tó. Lọ gbé mọ́ín-mọ́ín wá!"

Gbì-gbì-gbì! Mọ́ín-mọ́ín mẹ́rin.

Gbì-gbì-gbì! Ẹ̀kọ mẹ́fà.

Àwo kún orí ẹní. Kò sí àyè fún ẹsẹ̀ mọ́.

Ivie wo gbogbo oúnjẹ yẹn. Omi dà lójú rẹ̀, tó, tó, tó, sórí ìrẹsì.

Ọkàn Tèmidire bàjẹ́. Kí ló dé? Kí ni òun ṣe?

Ìyá àgbà náà dìde. Ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó gbé ẹrù rẹ̀. Ó di Ivie lọ́wọ́ mú. Wọ́n gba ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn.

Wọ́n ń lọ!

Àyà Tèmidire já. Wọ́n fẹ́ padà sínú omi! Tí bọ́ọ̀sì bá dé ńkọ́? Tí Ìyá Ivie bá dé, tí kò bá Ivie ńkọ́?

Màmá Àgbà sáré lọ dí ẹnu ọ̀nà. Ó na apá méjèèjì.

"Ẹ ò ní lọ! Ẹ jókòó! Ẹ jẹun!"

Ẹ̀rù ba Ivie. Ó sá sẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀.

Tèmidire sáré lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Gbì-gbì-gbì!

"Mọ́mì! Wọ́n ń lọ!"

Gù-gù-gù-gù! Jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí Mọ́mì gbọ́.

"Kí lo wí?"

"Wọ́n ń lọ!"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ọbẹ̀ ń hó!" Mọ́mì dáhùn. "Ó kù díẹ̀ kó jinná!"

Áà! Tèmidire ò mọ ohun tó tún kù láti ṣe.

Ó rántí Bàbá Osaro tó ń ṣọ́ géètì. Ẹ̀pà kì í wọ́n nínú àpò Bàbá Osaro. Bóyá ẹ̀pà ni Ivie fẹ́.

Gbì-gbì-gbì! Tèmidire dé géètì.

Kẹ̀kẹ́ kan ń kọjá lọ, tẹ̀kẹ̀tẹ̀kẹ̀tẹ̀kẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ náà na ọwọ́ sókè.

"Kóyo!" ló wí.

Bàbá Osaro náà na ọwọ́ sókè.

"Kóyo!" ló dáhùn.

Tèmidire dúró gbagidi.

Oníkẹ̀kẹ́ kò yó? Bàbá Osaro náà kò yó? Ní gbogbo ìlú Benin yìí, ta ló wá yó?

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ṣé ebi ń pa yín ni?"

"Ebi kẹ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ èbà tán."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò yó!"

Bàbá Osaro kọ́kọ́ ranjú. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣubú.

"Kóyo! Ah-ah, na greeting o! Ìkíni ni lédè Bìní. Bí ẹ ṣe máa ń sọ pé ẹ kú, ẹ kú, bẹ́ẹ̀ làwa náà ń sọ pé kóyo."

"Tí ẹnì kan bá sọ ọ́ sí mi ńkọ́?"

"Kí ìwọ náà sọ ọ́ padà. Tí o ò bá dáhùn, á rò pé o ò fẹ́ rí òun."

Háààà!

Ẹnu ya Tèmidire. Ẹnu náà ya, kò lè padé.

Ivie ti kí i. Ìyá àgbà Ivie ti kí wọn. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò sì sí ẹni tó dá wọn lóhùn!

Kò gba ẹ̀pà mọ́. Ó yí padà. Gbì-gbì-gbì-gbì-gbì!

Màmá Àgbà ṣì dí ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà náà ṣì ń fi ẹrù tì í díẹ̀díẹ̀. Apá rẹ̀ kan ti jáde.

Tèmidire gba abẹ́ apá Màmá Àgbà kọjá. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, gbàà, níwájú ìyá àgbà náà.

"Kóyo, Màmá!"

Ìyá àgbà náà dúró.

Ẹrù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbì!

"Kóyo," ló wí.

Tèmidire wá wo Ivie. "Kóyo, Ivie!"

Ivie yọ orí lẹ́yìn ìró. Ojú kan kọ́kọ́ yọ. Ojú kejì yọ. Eyín funfun wá yọ.

"Kóyo!" Ivie pariwo.

"Kóyo!" Tèmidire pariwo.

"Kóyo!" "Kóyo!" "Kóyo!"

Màmá Àgbà ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Ṣé ẹ ti yó ni àbí ẹ ò tíì yó?"

"Màmá, kì í ṣe oúnjẹ! Wọ́n ń kí wa ni! Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń kí wa!"

Màmá Àgbà gbé ọwọ́ lé orí.

"Yéè! Wọ́n kí mi, n ò jẹ́? Èmi ọmọ Ìkirun? Wọ́n kí mi lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì ń gbé iṣu fún wọn?"

Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́. Ojú tì í.

Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà kì í pẹ́ nínú ìtìjú. Ó dìde. Ó di ọwọ́ ìyá àgbà náà mú méjèèjì.

"Kóyo! Kóyo fún ewu! Kóyo fún ìrìn! Kóyo fún àárẹ̀! Kóyo fún ìjókòó!"

Ìyá àgbà náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó dì mọ́ Màmá Àgbà.

Wọ́n padà sórí ẹní. Ivie bu ìrẹsì sẹ́nu. Ó bu iṣu. Ó bó mọ́ín-mọ́ín. Tèmidire bá a jẹ ẹ̀kọ kan.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Ivie fọwọ́ pa ikùn rẹ̀. Ó ti yó, ó yó kẹ́rí.

Páà! Páà! Bọ́ọ̀sì míṣọ̀n ti padà dé.

Obìnrin kan bẹ́ sílẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dúró dáadáa. Ó pọn ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ń wo ibí, ó ń wo ọ̀hún.

Ivie rí i. Ivie fò dìde. Ó sáré, ó ṣubú, ó dìde, ó sáré. Ó kó sí ìyá rẹ̀ láyà.

Màmá Àgbà fi etí ìró nu ojú.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn wọ bọ́ọ̀sì. Àyè ti wà, Pásítọ̀ ti já àwọn mátírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀. Wọn ò rìn jìnnà. Pásítọ̀ Babájídé dúró níwájú ilé gígùn kan tí míṣọ̀n ti tún ṣe. Ó kó kọ́kọ́rọ́ fún Ìyá Ivie. Ó gbàdúrà kúkúrú ní èdè Bìní.

Gbogbo wọn ní, "Àmín!"

Ìyá Ivie ṣí ilẹ̀kùn. Ó wọlé. Ìyá àgbà wọlé. Ọmọ ọwọ́ wọlé lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ivie kò wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

Kò sí omi.

Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀ náà. Kò sí omi.

Ó lọ sí kọ̀rọ̀. Kò sí omi. Ó gbé etí mátírẹ́ẹ̀sì sókè, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Kò sí omi níbẹ̀ náà.

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí Tèmidire kó rí i. Tèmidire fọwọ́ kàn án. Ó gbẹ.

Ivie bá dùbúlẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì. Tèmidire dùbúlẹ̀ tì í.

Níta, òjò bẹ̀rẹ̀. Wàààà!

Ivie gbé orí sókè kíá. Ó wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wò ó, ó wò ó.

Òjò ń rọ̀, kò sì wọlé wá bá wọn.

Ivie gbé orí rẹ̀ lélẹ̀. Ó pa ojú dé. Ó sùn lọ fọnfọn.