Ohùn Tí Túbọ̀sún Gbọ́ Lórí Òpó

Ṣìmí ló ṣí géètì fún Túbọ̀sún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá yẹ tẹlifóònù ilé wọn wò ní Sùúrùlérè. Ó wo àkàbà tó gbé léjìká, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé òpó lẹ fẹ́ gùn àbí ọ̀run?"

"Bí ìwọ bá wà níbẹ̀, n ó gbìyànjú ọ̀run."

Ó pòṣé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ọkàn Túbọ̀sún sì fò bí ọ̀dọ́ àgùntàn.

Bàbá Ṣìmí, Alàgbà Oyèwọlé, ṣàlàyé ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Oṣooṣù ni bílì ń sọ pé wọ́n pe Kàdúná láti ilé òun, bẹ́ẹ̀ òun kò pe ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Àgádágodo kékeré wà lójú ibi tí wọ́n ti ń yí nọ́ńbà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lápò òun.

"Ọmọ ta ló ń ṣe agùnbánirọ̀ ní Kàdúná?" ni ìyá Ṣìmí wí, ó sì kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Àǹtí Hilda, àbúrò Alàgbà tó ń gbé ọ̀dọ̀ wọn látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ti ń sá aṣọ.

"Ìyàwó, mo gbọ́ o!" ni Hilda dáhùn. "Ọlọ́run àwa opó náà gbọ́."

Túbọ̀sún rò pé ará ìta kan ló so wáyà mọ́ tiwọn. Ó tọ wáyà náà títí dé òpó, kò rí nǹkan kan. Ó tún padà wá. Ká sọ òótọ́, nígbà mìíràn kò sí ohun tó fẹ́ yẹ̀ wò mọ́. Ṣìmí á bu omi fún un, wọn á sì jọ kọ orin ìyìn, kí Túbọ̀sún máa fi ohùn ténọ̀ gbè é lábẹ́. Ìyá Túbọ̀sún wá láti Ìjẹ̀bú, ó rí ọmọ náà, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ìdáhùn Ṣìmí sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan ló kù.

"Ẹ ní sùúrù fún mi," ni ó máa ń wí. "Mo ṣì ń gbàdúrà sí i."

Bílì mìíràn tún dé, Kàdúná tún wà níbẹ̀. Ìyá Ṣìmí ní bí Hilda kò bá jáde nílé, òun á jáde. Alàgbà sunkún, ó sì sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó wá ibòmíràn. Hilda, tí kò ní ibòmíràn, bẹ̀rẹ̀ sí í to ìkòkò sínú páálí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Túbọ̀sún gun òpó, ó so fóònù iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ wáyà ilé náà. Kò pẹ́, ó gbọ́ tíkì, tíkì, tíkì. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan ń fi ìka tẹ ibi tí ọwọ́ fóònù máa ń sùn lé. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fóònù á gbà á sí ẹẹ́ta, àgádágodo kò lè dá a dúró.

"Hẹ́lò?" Obìnrin kan ló gbé e ní Kàdúná.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Jídé."

Ohùn Ṣìmí ni.

"Ìwọ yìí náà ni? Mo ti sọ fún ẹ pé èmi nìyàwó rẹ̀."

"Ẹ sáà sọ fún un pé mo ń dúró dè é. Bó ti wù kó pẹ́ tó." Ẹkún gba ohùn rẹ̀.

Túbọ̀sún di òpó mú. Bó bá dákẹ́, Ṣìmí lè di tirẹ̀; Hilda á sì sùn síta. Ó gbàdúrà pé kí Olúwa fi ọ̀nà mìíràn hàn án. Kò rí ọ̀kankan.

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá a.

"Ṣìmí mi, mo gbọ́ ẹ pẹ̀lú Kàdúná."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ má sọ fún Bàbá."

"Ìwọ ni kí o sọ fún wọn, kí Àǹtí Hilda tó kó ẹrù wọn jáde."

"Ta ni yóò wá fẹ́ mi?"

"Èmi."

Níbi àdúrà ìrọ̀lẹ́ ni Ṣìmí ti sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú Hilda, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ mọ́. Alàgbà ránṣẹ́ pe Túbọ̀sún, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, fẹ́ Ṣìmí bẹ́ẹ̀ náà."

Ṣìmí sìn ín dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ní Costain.

"Ẹ dára ju Jídé lọ," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe ń bẹ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí mo bá sọ pé mo fẹ́ràn yín, ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́?"

"Màá gbà ẹ́ gbọ́."

"Ẹ fi orúkọ Ọlọ́run sọ ọ́."

Túbọ̀sún la ẹnu. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kí bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó má sì fi orúkọ Ọlọ́run sọ ohun tí kò dá a lójú. Ó wo ojú ọmọ tó fẹ́ràn ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ, ó sì pa ẹnu dé.

Ṣìmí kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì, bí ènìyàn ti ń kúnlẹ̀ fún àlejò tí kò mọ̀ rí.

"Ó dàbọ̀, sà."