Ẹsẹ̀ Òsì Sòkòtò

Ìjà la fi pàdé. Mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin kan já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò kí mi, ó ní, "Níbo lẹ gbé ẹ̀gbọ́n mi sí?"

"Ẹ̀gbọ́n wo? Ṣé mo jọ ẹni tó ń kó èèyàn pamọ́ ni?"

Ló bá bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gba sòkòtò aláwọ̀ eérú tí mo rán fún un, ó wọ̀ ọ́ jáde, ẹnikẹ́ni ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo gbé àga fún un, mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀, àyàfi ẹyọ kan.

Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi díẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ, ó sì ń tì í lójú. Ó ní kí n gé ẹsẹ̀ òsì sòkòtò náà kúrú, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Télọ̀ tó bá ń tú àṣírí ara oníbàárà, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe!

A jọ ń wá a. Ní gbogbo Sátidé, à ń lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri, à ń wọ ọsibítù kan bọ́ sí òmíràn. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Mo sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ torí ẹnu rẹ̀ mú. Òun náà sọ mí ní Òwú. Ṣebí ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà lòwú ń gbà.

Ìgbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. "Ọmọ mi wà níta, n ò mọ ibi tó ń sùn, o wá ń bá mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó? Ó dìgbà tó bá dé."

Ọdún mẹ́fà la fi dúró.

Àfi bí ọlọ́pàá ṣe ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n rí òkú kan níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn, egungun nìkan ló kù, pẹ̀lú sòkòtò aláwọ̀ eérú, wọ́n ní kí n wá wò ó bóyá iṣẹ́ mi ni. Màámà ní òun ò lè lọ. Lẹ́nu géètì àgọ́ ọlọ́pàá, Abẹ́rẹ́ di ọwọ́ mi mú.

"Òwú mi, ó ti rẹ̀ mí. Jọ̀ọ́, sọ pé iṣẹ́ ẹ ni. Kí Màámà sunkún kó tán, káwa náà ráyè gbé ayé wa."

"Tí kì í bá ṣe iṣẹ́ mi ńkọ́?"

"Ta ló máa mọ̀?"

Ọlọ́pàá tẹ́ sòkòtò náà sórí tábìlì. Mo fi ẹsẹ̀ sòkòtò kan lé èkejì, mo fọwọ́ tẹ́ ẹ délẹ̀. Wọ́n dọ́gba. Mo tún un ṣe. Wọ́n dọ́gba gẹ́lẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni" ti dé ètè mi, n ò ní purọ́ fún yín. Ọdún mẹ́fà! Ṣùgbọ́n tó bá ṣì wà láàyè ńkọ́, tá a wá dẹ́kun wíwá a?

"Kì í ṣe iṣẹ́ mi," ni mo wí.

Mo di ọwọ́ Abẹ́rẹ́ mú, ó já a gbà. Ó ṣíwájú mi títí a fi dé ilé ìyá rẹ̀.

Màámà ti gbé àga síta, ó kọjú sí títì. "Sọ ọ́ kíá."

"Kì í ṣe òun, Mà. Ẹsẹ̀ sòkòtò náà dọ́gba."

Ó yíjú sí mi. "O mọ̀ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀?"

"Ó ní kí n má sọ."

"Èmi tí mo bí i, ó rò pé n ò rí i." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ṣubú lulẹ̀. "Màámà, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ kó jẹ́ òun. Mo fẹ́ kó ti kú."

Màámà fà á mọ́ra. "Èmi náà, ọmọ mi. Láàárọ̀ yìí, àdúrà tí mo gbà nìyẹn. Ṣé ẹ wá rí ohun tí mo sọ wá dà? Ẹ lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó yín."

Ó wá kọjú sí mi. "Ṣé ìwọ̀n rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé rẹ?"

"Ó wà, Mà."

"Rán sòkòtò kan fún un, kó lè rí nǹkan wọ̀ tó bá dé lọ́jọ́ náà. Má gbàgbé ẹsẹ̀ òsì o."

A ti ṣègbéyàwó, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ní gbogbo Sátidé, kí èmi àti ìyàwó mi tó kó àwòrán jáde, mo máa ń sọ sòkòtò náà kalẹ̀ lára ìkọ́, mo máa ń tún un lọ̀.