Kóòtù Tí Apá Òsì Rẹ̀ Ń Yọ

Ọjọ́ tí Télọ̀ kọ́kọ́ fojú kan ọmọbìnrin náà, apá rẹ̀ kan wà nínú màlúù títí dé èjìká.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ìdí òdòdó làwọn mìíràn ti ń pàdé olólùfẹ́ wọn. Ti Télọ̀ kọ́ nìyẹn. Bùláòsì tuntun ló gbé lọ fún Ìyá Oníwàrà, obìnrin tó ń sin màlúù mẹ́rin lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Télọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹran, màlúù kan sì kọjú sí i, ó ń kérora bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè. Lẹ́yìn màlúù náà ni ọmọbìnrin kan dúró sí, tó di ojú méjèèjì, tí òógùn bò ó, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ jòjòló lẹ́kún.

"Rọra, màmá, rọra. Mo ti di ẹsẹ̀ kan mú. Èkejì dà?"

Ó lajú. Ojú náà, ẹ̀yin èèyàn mi! Bí wọ́n bá gbé e kọ́ sórí òpó, ìlú mẹ́ta kò ní í ra epo àtùpà mọ́. Àyà Télọ̀ lù kìì, adìyẹ tó sàba ní ilé kejì sì fò sókè tòun ti ẹyin mọ́kànlá.

"Ìwọ tó dúró bí ìgbálẹ̀ yẹn," ọmọbìnrin náà ní, "ṣé o mọ okùn fà?"

"Mo... mo mọ òwú fà."

"Èyí tóbi díẹ̀ ju òwú lọ. Wá!"

Ó fà á. Ọmọ màlúù jáde gbì, ó sì gbé Télọ̀ ṣánlẹ̀ sínú koríko. Kó tó dìde, ewúrẹ́ Ìyá Oníwàrà ti jẹ apá kan bùláòsì náà dé ọrùn. Ìyá Oníwàrà figbe ta. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ti mọ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sí aṣọ tí ewúrẹ́ máa jẹ tó tún lè dun òun.

Ọmọ Bàbá Tíṣà ni ọmọbìnrin náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà náà. Gbogbo ìgbà ìsinmi ló fi ń jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ dókítà ẹran arúgbó kan, tó ń bá a gbé àpò abẹ́rẹ́ kiri. Bàbá arúgbó yìí ló na ọwọ́ ńlá tirẹ̀ tó ń gbọ̀n sí i lọ́jọ́ kan tó ní, "Ọwọ́ àgbàlagbà kì í wọ akèrègbè, ọmọ mi. Tìẹ ni yóò wọ̀ ọ́." Àtọjọ́ náà ló ti mọ ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe.

Bàbá Tíṣà náà mọ ohun tó fẹ́ fi ayé ọmọ rẹ̀ ṣe. Àtìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ló ti ń pè é ní Dókítà. Dókítà, wá jẹun. Dókítà, nu imú rẹ. Ṣùgbọ́n dókítà èèyàn ló ní lọ́kàn. Nígbà tí ìwé dé láti yunifásítì, ó fi awò ojú kà á, ó yọ awò, ó tún un kà.

"Ẹran?" ó ní. "Ẹran tá à ń jẹ yìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Èèyàn lè sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹran ò lè sọ. Àwọn tí ò lè sọ ni mo fẹ́ gbọ́."

Bàbá Tíṣà ká ìwé náà mẹ́rin. "Kò burú. Máa lọ, ìwọ yìí."

Ìwọ yìí! Kò pè é ní Dókítà mọ́. Ilé náà pa rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ pé èèyàn lè gbọ́ bí aláǹtakùn ṣe ń hun ilé.

Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ ló wá di ibi ìsádi rẹ̀. Yàrá kan ni, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, dígí kan tó sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti kọ́tìnì funfun kan lójú fèrèsé. Ojoojúmọ́ ni bọ́tìnnì ọmọbìnrin náà ń já.

"Báwo ni tòní ṣe já?" Télọ̀ á bi í.

"Mo já a fúnra mi."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Ó kù sọ́wọ́ bí òru bá ṣe gùn tó."

Ọkùnrin wo ló máa gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí ò ní í pinnu láti ṣe nǹkan ńlá? Télọ̀ pinnu. Ó yọ kọ́tìnì funfun náà lójú fèrèsé, ó fi ọjọ́ méje rán kóòtù iṣẹ́ fún un, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Apá kan rẹ̀ ń yọ láti èjìká pẹ̀lú bọ́tìnnì méje, kí apá tó bá ń wọ inú màlúù lè wọ̀ ọ́ láìsí aṣọ lára.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe. Apá òsì ló ní kó máa yọ, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀tún ni ọmọbìnrin náà ń lò. Iwájú ló ti ń wò ó lọ́jọ́ ilé ẹran. Kò sí télọ̀ tí ò mọ̀ pé ọ̀tún ẹni tó kọjú síni, ìhà òsì ẹni ló ń bọ́ sí. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún ọjọ́ kan péré mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti kó gbogbo ohun tí Télọ̀ mọ̀ sínú àpò, ó sì ti rán ẹnu àpò náà pa.

Ọmọbìnrin náà wọ kóòtù. Ó wo apá tó yọ. Ó wo ojú Télọ̀ tí kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ méje, ó wo fèrèsé tó wà níhòòhò.

"Ó bá mi mu," ó ní.

"Ṣé apá ọ̀hún ń yọ dáadáa?"

"Bí eyín ọmọdé."

Ọ̀nà ilé ló ti bá ọwọ́ òsì rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ìwọ ọ̀lẹ yìí, ó ti pẹ́ tí o ti ń sinmi. Ìwọ náà máa lọ sílé ìwé."

Ọdún mẹ́fà ló lò ní yunifásítì! Ó kọ lẹ́tà pé egungun ẹṣin lé ní igba, òun sì ti mọ orúkọ gbogbo wọn àfi mẹ́ta tó ń sá fún òun. Télọ̀, tí kò kàwé jìnnà, á fèsì pé: "Mo wà. Bá mi kí àwọn mẹ́ta náà." Nígbà tó sọ fún un pé àfọwọ́bà nìkan ni wọ́n fi ń mọ bí ọmọ ṣe sùn nínú màlúù, Télọ̀ wá àpò ọ̀gbọ̀ jọ, ó rán odidi màlúù. Ó tóbi débi pé Télọ̀ fúnra rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó fi àkísà ṣe ọmọ sínú rẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ òwú ṣe orúnkún ọmọ náà. Ní gbogbo ìsinmi, á yí ọmọ àkísà bó ṣe wù ú, ọmọbìnrin náà á sì ti apá òsì bọ inú rẹ̀, á di ojú.

"Orí ti yí sẹ́yìn."

"O gbà á."

"Ẹsẹ̀ iwájú kan ká."

"O gbà á."

"Kí ni rìbìtì yìí?"

"Ọsàn ni. Mo rò pé ebi á ti máa pa ẹ́, olólùfẹ́ mi."

Ìdí màlúù àpò ni Bàbá Tíṣà ti bá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, màlúù tí Ọlọ́run dá ò tó, o tún ń rán màlúù!"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"N kì í ṣe bàbá rẹ! N ò sì ní í jẹ́ bàbá rẹ láéláé. Ẹni tó ń rán ọmọ mi lọ sínú màlúù ò lè fẹ́ ẹ."

Nígbà tó lọ tán, ọmọbìnrin náà sọ fún Télọ̀ pé, "N ò ní í fẹ́ ọ láìjẹ́ pé Bàbá mi fọwọ́ sí i. N ò sì ní í fi màlúù sílẹ̀."

Télọ̀ fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. "Máa kàwé rẹ. Èmi mọ ìdúró."

Ó yege. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹṣin kan ta á nípàá, ó ṣẹ́ ẹ lápá ọ̀tún. Apá náà ló dì mọ́ra, nínú símẹ́ńtì funfun ọsibítù, tó fi wọlé bá Bàbá Tíṣà.

"Ṣé o rí i báyìí?" bàbá ní. "Ohun tí o ní o fẹ́ tọ́jú ló ṣẹ́ ọ lápá."

Kò tíì jókòó tí Ìyá Oníwàrà fi já wọlé láìwé gèlè. "Ẹ gbà mí o! Ọmọ màlúù tí ẹ bá mi gbà nígbà náà, òun náà ló ń rọbí láti àárọ̀! Ó ti fẹ́ kú!"

Ọmọbìnrin náà fa kóòtù yọ nínú báàgì. Bàbá dí ẹnu ọ̀nà.

"Apá kan ṣoṣo lo ní!"

"Òun náà ni mo nílò, Bàbá." Ó yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde.

Wọ́n bá Télọ̀ nílé ẹran, ó ti sáré débẹ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Bàbá Tíṣà tẹ̀ lé wọn kó lè rí àyè sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà tú bọ́tìnnì méje. Apá òsì rẹ̀ wọlé. Ó di ojú.

"Orí ti yí sẹ́yìn."

"O gbà á," Télọ̀ ní, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun fọhùn.

"Mo ti dá a padà. Bàbá, ẹ bá wa fa okùn!"

Bàbá Tíṣà, tí ò gbé ohun tó wúwo ju ṣọ́ọ̀kì lọ láti ogún ọdún, bọ́ bàtà. Ó fà á. Ọmọ màlúù jáde, kò mí. Ọmọbìnrin náà fi pòròpórò koríko rin ín nímú, ó rin ín, ó rin ín. Ọmọ màlúù sín! Ó sín sójú awò Bàbá Tíṣà, awò náà di fùù.

Bàbá Tíṣà fa áńkáṣíìfù yọ, kò nu awò ojú rẹ̀. Ojú ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún ló na áńkáṣíìfù sí.

"Dókítà," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Dókítà, nu imú rẹ."

Ó wo apá òsì ọmọ rẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ ní òsì? Ọ̀tún lo fi ń kọ̀wé."

"Télọ̀ ni. Ọ̀tún ló rí nínú màlúù lọ́jọ́sí, òsì ló gé."

Télọ̀ na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì jókòó sínú koríko gbàgà. "Ọdún mẹ́fà! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ọwọ́ mi ni mo sọ ọ́ fún. Ó sì gbọ́."

Bàbá Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti tò jọ láti ọdún mẹ́fà. "Télọ̀ tí ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì! Irú èyí ò gbọdọ̀ dá nìkan gbélé. Ìwọ, wá pè mí ní bàbá, kí n gbọ́ ọ."

"Bàbá mi," Télọ̀ ní. Lẹ́yìn náà ló fa téèpù kúrò lọ́rùn. "Dókítà mi, dúró kí n wọ̀n ọ́."

"Kóòtù mìíràn?"

"Aṣọ ìgbéyàwó."

"Kí apá òsì rẹ̀ máa yọ o. Ta ló mọ màlúù tó máa rọbí lọ́jọ́ náà?"

Ó ti pẹ́. Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ náà, màlúù àpò náà sì ti di ìtẹ́ eku. Kóòtù yẹn ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀, tó máa ń yọ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, funfun bí ọjọ́ tí wọ́n yọ kọ́tìnì náà lójú fèrèsé. Nígbà mìíràn, Télọ̀ arúgbó á mú un jáde, á máa de bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á dé ìkeje, kò ní í bá a.

"Dókítà," á ké sí yàrá, "bọ́tìnnì kan ti já o!"

"Mo mọ̀," ìyàwó rẹ̀ á dáhùn. "Mo já a fúnra mi."