Ohun Tó Mú Kí Honoré Kúrú

Lọ́dún 1974, Honoré wọ ṣọ́ọ̀bù Jean-Baptiste, télọ̀ ará Pobè tó ti ṣí wá sí àdúgbò Nombakélé nílẹ̀ òkèèrè, pé òun fẹ́ rán ṣòkòtò. Bàbá ti jáde. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ọmọ́lẹ́wà, ló mú tépù.

"Ẹ nàró dáadáa," ó ní.

"Mo ti nàró," Honoré dáhùn. "Bí mo ṣe mọ nìyí."

Ẹ̀rín pa Ọmọ́lẹ́wà. Orí ọkùnrin náà kò kọjá etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù, gẹdú tó ń kó ní èbúté Owendo sì ti mú apá rẹ̀ le. Ṣòkòtò kan di mẹ́ta. Kí òjò tó dá, ó ti ń pè é ní "Ọmọ́lẹ́wà mi", ọmọbìnrin náà kò sì lè jẹun tán lọ́jọ́ tí kò bá rí i.

Nígbà tí Honoré wá tọrọ rẹ̀, bàbá Ọmọ́lẹ́wà mi orí.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Owó epo ti wà káàkiri ìlú yìí. Ìdílé wa ga, ẹ̀jẹ̀ tìrẹ ló kúrú. Mi ò fẹ́ ọmọ-ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa wò láti òkè."

Ọmọ́lẹ́wà sunkún, kò sọ nǹkan kan.

"Bàbá ẹ ò parọ́," Honoré sọ fún un níta. "Bí wọ́n ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á fi ọmọ mi ṣe."

Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Port-Gentil, níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì.

Ọdún kan ààbọ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ Ọmọ́lẹ́wà bí ebi. Nígbà mìíràn ọwọ́ rẹ̀ á gé ṣòkòtò oníbàárà kúrú, Bàbá á bínú, Ọmọ́lẹ́wà kò ní lè sọ ẹni tí òun ń gé e fún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá Honoré mú àbúrò rẹ̀, Cyprien, wá láti àdúgbò Akébé kí wọ́n wá wọn kóòtù fún un. Cyprien tẹrí ba kó tó lè wọlé. Bàbá na apá sókè kó tó kan èjìká rẹ̀.

"Ṣé ìyá kan náà, bàbá kan náà ni òun àti Honoré?"

"Inú mi ni àwọn méjèèjì ti jáde, bàbá kan náà ló bí wọn, bí òun náà ṣe ga nìyẹn," obìnrin náà ní. "Pobè ni mo bí Honoré sí. Bí mo ṣe já a lẹ́nu ọmú ni ọ̀dá dá, ẹ̀kọ nìkan ló ń mu. Àìsàn tún gbé e dè fún ọdún mẹ́ta. Ibí ni mo bí èyí sí, ẹja àti mílíìkì ló fi dàgbà. Gíga wà nínú ẹ̀jẹ̀ Honoré. Oúnjẹ tó máa fi ga ni kò rí."

Bàbá ká tépù rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kọ̀wé sí i," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Kó máa bọ̀."

Ọmọ́lẹ́wà kọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé, ìlà kan péré: "Tó bá jẹ́ pé Cyprien náà kúrú ńkọ́?"

Ọmọ́lẹ́wà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìtìjú mú un. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ó ní òun ń lọ.

"Obìnrin kì í wá ọkùnrin lọ," Bàbá wí.

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ní Port-Gentil, ó béèrè títí ó fi rí i létí omi, láàárín àwọn tó ń já irin látinú ọkọ̀. Ó ti rù.

"Ṣé o rí lẹ́tà mi?" Honoré bi í.

"Mo rí i. Bí gbogbo ilé yín bá kúrú, ìwọ ni mo fẹ́. Bí ọmọ tí mo bá bí bá kúrú jù ẹ́ lọ, ìwọ náà ni. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lójú Bàbá kó o tó wọ ọkọ̀. Mo pẹ́."

Honoré sún mọ́ ọn. Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká.

"O ò tíì jẹun," ó ní níkẹyìn. "Máa bọ̀, ìfẹ́ mi. Ilé ò jìnnà."