Ta Ló Bo Olùwádìí Láṣọ?

Olùgbàlejò àjọ náà ló kọ́kọ́ rí i. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ló gbà gòkè láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí pé lífìtì ń ṣe ségesège, ó ń ṣí, ó ń pa dé, láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló ti bá obìnrin kan tó nà gbalaja. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn létí, aṣọ tábìlì aláwọ̀ ewé sì bò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ó ti kú. Nígbà tó gbọ́wọ́ sí i nímú tó rí i pé ó ń mí, ó figbe ta.

Olùwádìí ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pe obìnrin náà. Àjọ aláàánú yìí ló ń ran àwọn ọmọ tálákà lọ́wọ́ láti ka kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n gba òun, tó ń kàwé gboyè dókítà lọ́wọ́, kó wá wádìí ohun tó ń mú kí àwọn ọmọ kan yege, tí àwọn mìíràn sì ń fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lágbedeméjì. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kó dúró níwájú ìgbìmọ̀ àjọ kó sọ ohun tó rí. Báàgì tó fi ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti dàwátì.

Kí ó tó di pé wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, Kòjókòó ti dé. Ìsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ni. Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kòjókòó, torí bó bá ti ń ronú, ìdí rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ àga. Ó gun àtẹ̀gùn náà lọ, ó sọ̀ ọ́ wálẹ̀, ó tún gùn ún.

“Ọ̀gá, ó lè jẹ́ pé ṣe ló kàn yọ̀ ṣubú,” ni sájẹ́ǹtì rẹ̀ obìnrin wí.

“Tó bá yọ̀ ṣubú, ta ló wá bò ó láṣọ? Òun fúnra ẹ̀?”

Sájẹ́ǹtì yọ ìwé rẹ̀ jáde, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

“Ẹni tó bò ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò sì pe ẹnì kankan. Àánú ṣe é, ẹ̀rù sì bà á. Ẹni tí à ń wá nìyẹn.”

Olùgbàlejò sọ fún un pé Olùwádìí àti ọ̀gá àgbà ti ṣe gbólóhùn asọ̀ lánàá, débi pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbọ́. Kòjókòó kò tíì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi kọrí sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ó bá bàbá náà tó ń tẹ fóònù, tó ń gbé e sílẹ̀, tó tún ń mú un.

“Ẹ̀yin àti Olùwádìí jà lánàá, sà.”

“A ò jà. Mo kàn gbóhùn sókè díẹ̀ ni.”

“Lórí kí ni?”

Ọ̀gá àgbà mí kanlẹ̀. “Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lábẹ́ wa, ọpọlọ wọn pé. Ìyá ẹnì kan ń ṣàìsàn. Ẹnì kan ò rí ẹni bá a gbọ́mọ. Ẹlòmíì, ojú ló kàn ń tì í. Ó ní a ò fìgbà kankan bi wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ná, ṣé kí n wá jókòó, kó máa sọ fún ìgbìmọ̀ pé àsán la ti ń ṣe látọjọ́ yìí?”

“Níbo lẹ sùn lánàá?”

“Hòtẹ́ẹ̀lì, lọ́dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀. Ẹ bi wọ́n. Bí mo ṣe ti yàrá ìpàdé pa nírọ̀lẹ́ ni mo lọ bá wọn.”

“Kí ló wà nínú yàrá ìpàdé?”

“Àga àti tábìlì. A ti tẹ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ de ọ̀sán òní.”

“Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló ní?”

“Méjì. Ọ̀kan lọ́wọ́ mi, èkejì lọ́wọ́ Ìràwọ̀.”

Ìràwọ̀ ni olórí ẹ̀ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Fọ́tò rẹ̀ ńlá kan ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni wọ́n fi kọ́: ó wọ ẹ̀wù ìgboyè dúdú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ọdún tó gboyè sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tí àjọ náà ràn lọ́wọ́ tó parí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún nígbà tí Kòjókòó bá a. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rẹ̀, ó sì ṣí yàrá ìpàdé fún wọn.

Tábìlì méjì ló wà níbẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ewé wà lórí ọ̀kan. Ìhòòhò ni èkejì wà. Ìlẹ̀kùn kò sì ní àpá kankan.

“Orí tábìlì mi ni mo sábà máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn sí,” ni Ìràwọ̀ sọ kíákíá. “Ẹnikẹ́ni ló lè mú un. Èmi ti lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.”

“Ó ṣeé ṣe,” ni Kòjókòó fèsì. Ó ti padà sídìí fọ́tò, ó ń wò ó. “Ẹ ṣì rántí ọjọ́ yìí?”

Ojú Ìràwọ̀ là díẹ̀. “Ṣé ó ṣeé gbàgbé ni? Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ìyá mi jókòó síwájú pátápátá. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Ọdọọdún ni mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tuntun.”

Kòjókòó kí i kú oríire, ó sì forí lé ilé ìwòsàn. Ọkọ Olùwádìí, tíṣà kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ń rìn síwá-sẹ́yìn níwájú yàrá tí wọ́n gbé ìyàwó rẹ̀ sí. Kòjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rìn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń yẹ̀ fún àwọn méjèèjì.

“Ẹ dákun, ṣé ìjà wà láàárín yín?”

“Ìjà kẹ̀? Mo kàn ní kó sinmi díẹ̀ ni. Láti ilé dé ilé ló ń lọ láti bá àwọn ọmọ tó fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo rò pé ọ̀dọ̀ wọn ló sùn lánàá ni.” Ó yí padà, ó tún ń rìn. “Bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tara ẹlòmíì ló máa ń rò. Ọjọ́ ìgboyè wa ni mo mọ̀ ọ́n. Ìjì ti gbé òrùlé gbọ̀ngàn lọ, wọ́n bá kó gbogbo wa sí pápá. Wọn ò tíì pe orúkọ dé ìdajì tí òjò fi dé. Ó ní ọ̀rá kan tó fi borí, ló bá pín in fún mi. Mi ò mọ̀ ọ́n rí o!”

Kòjókòó dúró gbọnrangandan. “Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú yìí?”

“Èwo ló tún kù? Ọ̀kan ṣoṣo la ní.”

“Ọdún wo?”

Tíṣà sọ ọ́. Ọdún tó wà nísàlẹ̀ fọ́tò Ìràwọ̀ ni.

“Ṣé kò sí àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn?”

“Gbọ̀ngàn tí kò lórùlé? Pápá ni gbogbo wa wà, a rin gbingbin.”

Kí ìgbìmọ̀ tó dé, Kòjókòó ti kó ọ̀gá àgbà àti Ìràwọ̀ sínú yàrá ìpàdé. Sájẹ́ǹtì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Láti ìta, wọ́n ń gbọ́ lífìtì tó ń ṣí tó ń pa dé.

“Aṣọ tábìlì ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀,” ni Kòjókòó bẹ̀rẹ̀, ó ń yí tábìlì po. “Inú yàrá tí wọ́n tì pa ló ti jáde, kò sì sẹ́ni tó já ìlẹ̀kùn. Nítorí náà, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ni. Ọ̀gá àgbà wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, ìgbìmọ̀ jẹ́rìí sí i lórí fóònù. Ó ku ẹ̀yin, madam.”

“Mo ti sọ fún yín pé orí tábìlì—”

“Ẹ sọ ọ́. Ìyẹn ni mi ò fi tètè mú yín, mi ò sì mọ ohun tó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti Olùwádìí. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ ní àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Madam, gbọ̀ngàn yẹn ò lórùlé lọ́jọ́ náà. Pápá ni wọ́n ti gboyè, òjò pa wọ́n. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ò lè gbàgbé. Olùwádìí wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ò sí níbẹ̀.”

Ọ̀gá àgbà yíjú sí Ìràwọ̀. “Sọ fún un pé irọ́ ni.”

Ìràwọ̀ fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

“Tẹ́ ẹ bá rò pé mo ṣìnà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ ṣí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ yín,” ni Kòjókòó wí.

Ìràwọ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sórí tábìlì tó wà ní ìhòòhò.

“Ibẹ̀ ni báàgì wà,” ló sọ jẹ́jẹ́. “Ẹ̀wù inú fọ́tò yẹn, ti onífọ́tò ni. Ó ku ọdún kan kí n parí tí mo fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Nígbà tí àjọ ní kí n mú fọ́tò wá, mo lọ yà á. Mo rò pé màá padà lọ parí ẹ̀. Iṣẹ́ dé, wọ́n ń pè mí ní Ìràwọ̀, ojú ń tì mí.”

“Lánàá ńkọ́?”

“Ó bá mi lórí àtẹ̀gùn. Ó ní òun ti mọ̀ pé mi ò parí. Ó ní kí n jẹ́ ká jọ dúró níwájú ìgbìmọ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ‘ìgbìmọ̀’, ojú mi ṣú. Mo rò pé gbogbo ẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀. Mo fa báàgì, kò fi sílẹ̀, mo tún fà á, ó já... ó lọ sẹ́yìn.” Ó fọwọ́ bojú. “Mo rò pé ó ti kú. Mo sá dé ọkọ̀, mo tún padà. Ilẹ̀ yẹn tutù. Mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Àmọ́ ẹ fi í sílẹ̀,” ni Kòjókòó wí.

Ìràwọ̀ bú sẹ́kún. Ọ̀gá àgbà jáde lọ pàdé ìgbìmọ̀ láìwo ẹ̀yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Olùwádìí lajú. Kòjókòó lọ gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó sì padà sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó lọ bá Ìràwọ̀ ní àtìmọ́lé.

“Ó ti jí,” ló sọ.

Ìràwọ̀ di irin mú. “Ẹ ṣeun. Háà, Ọlọ́run, ẹ ṣeun.”

“Ẹjọ́ yín ṣì wà níbẹ̀ o. Ẹ ó fojú kan adájọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ò sí nínú kọ̀ǹpútà yẹn. A ti wò ó. Ó ní òun ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, títí kan ọkọ òun. Ó fẹ́ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fúnra yín, torí kò sẹ́ni tí ìgbìmọ̀ máa gbà gbọ́ tó yín.”

Ìràwọ̀ wo ilẹ̀, kò lè gbójú sókè.

“Ó ní kí n bi yín ní nǹkan kan. Mo ní kó sinmi, kò gbà. Ó ní lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni bi yín pé kí ló dé?”

Ìràwọ̀ fi irin sílẹ̀.

“Rárá,” ni Ìràwọ̀ wí. “Ẹnì kankan ò bi mí.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Ẹ sọ fún un pé ìyá mi ni. Ẹsẹ̀ wọn rọ, èmi nìkan sì ni ọmọ tó kù nílé...”