Ìró Ọ̀pá Ìbọn Bàbá

"Ta ló ni ìbọn yìí?"

"Bàbá mi ni, ọ̀gá. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn wò ó, kí ẹ sọ iye owó tó lè mú wá."

"Ṣé wọ́n lò ó lónìí ni?"

"Lónìí kẹ̀? Ó ti pẹ́ tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Kí ló wá dé tí igi ìdí rẹ̀ fi gbóná?"

"Bóyá oòrùn ni."

"Oòrùn wo? Ṣebí inú aṣọ lo dì í sí."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. Gbájámọ̀ ni, òun ló ń gẹ irun mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tòun, kí òun yé ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn. Èmi ní tèmi, àtúnṣe ìbọn àti dídíyelé e niṣẹ́ mi.

Mo tú ìbọn ẹlẹ́nu méjì náà sórí tábìlì, mo fi epo nu abẹ́ ọ̀pá rẹ̀, níbi tí ẹni tó rọ ìbọn máa ń lu òǹtẹ̀ sí. Òǹtẹ̀ náà yọ. Iṣẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ rọ ìbọn ni, nígbà tí ẹ̀rọ ò tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo kọjú ihò méjèèjì sí fèrèsé. Inú wọn ń dán, kò dógùn-ún rárá.

"Ọ̀gá, ó ti tán?"

"Ṣe sùúrù. Ṣé mo máa ń kán ọ lójú tí o bá ń gẹ irun mi?"

Ó ku àyẹ̀wò kan. Òjé ni wọ́n fi mú ọ̀pá méjèèjì pọ̀, òjé ọ̀hún sì lè ti là nínú kí ojú má rí i. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé a ó fi ìka kan gbé ọ̀pá náà kọ́, a ó fi òòlù igi kàn án díẹ̀. Tó bá dún bí agogo, ó pé. Tó bá dún bí ìkòkò tó sán, kò níye lórí mọ́.

Mo gbé e kọ́. Mo kàn án.

Ó wúkọ́.

Ikọ́ àgbàlagbà ni, ikọ́ gbígbẹ tó ti ìsàlẹ̀ àyà wá, tó sì mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Gbájámọ̀ ti di etí tábìlì mú.

"O gbọ́?"

Mo tún kàn án. Ikọ́ náà gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ohùn tín-ín-rín kan sì tẹ̀lé e: "Ta ló wà níbẹ̀? Bù mí lómi."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kalẹ̀."

"Ohùn ta nìyí?"

"Bàbá mi."

"Àwọn tó rán ọ níṣẹ́?"

Ó wolẹ̀. "Wọn ò rán mi."

Mo gbé òòlù kalẹ̀. Ó rọra sọ ọ́ fún mi.

"Àárọ̀ yìí ni. Mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mò ń fa ìbọn náà bọ̀. Ni ikọ́ bá gbé wọn. Wọ́n ní ta ló wà níbẹ̀, kó bu omi fún àwọn. Tí mo bá dáhùn, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni. Mo bá di èémí mi mú."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí wọ́n fi dákẹ́."

"O wò wọ́n kí o tó jáde?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bojú. Géńdé ọkùnrin, ó ká kò sórí àga bí ọmọdé tó tọ̀ sára. N kò lè wò ó. Ojú ń tì mí pé mo tilẹ̀ gbọ́.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn nísinsìnyí?"

"Kò sí. Àbúrò mi obìnrin ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé."

"Dìde. Sáré lọ sílé, kí o fún wọn lómi."

Kò dìde. "Ẹ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀gá. Kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì..."

Mo tún gbé òòlù. Mo kàn án.

Ó dún bí agogo. Ó mọ́, ó dùn, ó kún gbogbo yàrá. N kò gbọ́ ọ̀pá tó pé tó bẹ́ẹ̀ rí. A dúró de ikọ́ tó máa tẹ̀lé e. Ìró náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, nǹkan kan ò sì tẹ̀lé e.

Ó dìde wàyí. Kò bèèrè iye owó tó lè mú wá mọ́.

"Ìbọn yìí ńkọ́?" ni mo wí.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò yíjú padà.

"Ọ̀gá, àbúrò mi á bi mí ní ohun tí Bàbá sọ kẹ́yìn. Kí ni kí n sọ fún un?"