Ìbọ̀pá Tí Aránṣọ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Rán

Bí ẹ bá gbé aṣọ fún obìnrin yìí rán, ẹ ò ní gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láì wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí. Yóò yí yín ká lẹ́ẹ̀mejì, yóò fa èjìká aṣọ náà, yóò sì dúró títí ẹ ó fi sọ pé ó bá yín mu. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Ó-bá-mi-mu. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń ránṣọ, kò sì sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn ara èèyàn.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Jẹjẹrẹ wà ní ọmú rẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n gé ọmú náà, wọ́n sì yọ àwọn kókó kéékèèké tó wà ní abíyá rẹ̀, kí àrùn náà má baà gba ibẹ̀ rìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìtànṣán ẹ̀rọ tọ́jú ojú ibẹ̀. Ara rẹ̀ yá, ó sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó wọ bàálù lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ìrìnàjò wákàtí mẹ́sàn-án. Ọmọ náà ń múra ìgbéyàwó, ìyá rẹ̀ sì ti ní kò sí aránṣọ mìíràn tó máa fọwọ́ kan aṣọ ìyàwó náà. Ó ti gé e, ó ti gán an pọ̀, ṣùgbọ́n ara ọmọ náà gan-an ni yóò ti parí rẹ̀. Apá ọ̀tún tó fi ń gé aṣọ gbọ́dọ̀ débẹ̀ ní àlàáfíà.

Lọ́jọ́ Ajé kan, oníbàárà kan wá gba búláòsì rẹ̀, ó sì gbọ́ nípa ìrìnàjò náà. Kàkà kó bá a yọ̀, ńṣe ló mi orí. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn, ó wọ bàálù, nígbà tó máa sọ̀ kalẹ̀, apá rẹ̀ ti tó itan, wíwú náà kò sì tíì lọ sílẹ̀ títí di òní. Ó ká búláòsì rẹ̀ sínú báàgì, ó ní ó dàbọ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú wọn: wọ́n á kó jìnnìjìnnì bá èèyàn tán, wọ́n á wá bá tiwọn lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Ìyá Ó-bá-mi-mu kò ti balẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí apá náà ti máa ń wúwo ní ìrọ̀lẹ́, bíi pé wọ́n fi aṣọ tútù wé e. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀, kò sọ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá là á lẹ́nu, wọn ò ní jẹ́ kí òun lọ.

Ó wá rí àwòrán ìbọ̀pá lórí fóònù, ohun tí wọ́n ń wọ̀ sí apá bí a ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sí ẹsẹ̀, tí kì í jẹ́ kí omi ara gbá jọ síbẹ̀. Ó wò ó dáadáa, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ṣé apá aṣọ lásán nìyí? Ó mú aṣọ tó ń fà, èyí tó ṣẹ́ kù nínú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ táwọn ọmọ ilé ìwé kan gbé wá. Ó wọn ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó wọn òkè apá, ó tán. Nítorí pé apá aṣọ tí kò ní ìdè máa ń yọ̀ wálẹ̀, ó fi rọ́bà ìlà méjì sí òkè rẹ̀, ó fún un dáadáa. Ibi tí iṣẹ́ ti mọ́ ọn lọ́wọ́ jù gan-an ló ti ṣìnà.

Ó wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti dán an wò, ó sì jókòó ti máṣíìnì. Nígbà tó máa di aago méjì ọ̀sán, kò rí eegun ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ náà wú, ó ń dán. Ó mú àlùmọ́gàjí, àtàǹpàkò rẹ̀ kò wọ ojú rẹ̀ mọ́.

Báyìí ni ọkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe wọlé bá a. Ó bá a bọ́ nǹkan náà. Ó ní ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ti parí nìyẹn. Ìyá bínú, ó bi í pé ta ló máa wá parí aṣọ ọmọ.

"Kó fi aṣọ fèrèsé ṣe ìgbéyàwó bó bá fẹ́," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Èmi, ìyàwó mi ni mo fẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti wà ní ọsibítù. Wíwú ọwọ́ náà ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, àmọ́ àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Yàrá tí wọ́n ní kí wọ́n wọ̀ há, bẹ́ẹ̀dì kan àti àga méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ya àwòrán apá ńlá kan mọ́ ògiri. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú apá wíwú níbẹ̀ kò ju ẹgbẹ́ ọmọ wọn lọ. Ó gba ìbọ̀pá náà, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fọwọ́ ra ojú abẹ́rẹ́.

"Iṣẹ́ yìí mọ́ o. Ẹ̀yin lẹ rán an, Mà?"

Ó ní òun ni, nítorí bàálù tí òun fẹ́ wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.

"Rọ́bà òkè yìí ló dá gbogbo wàhálà yẹn sílẹ̀."

Ó ṣàlàyé fún wọn pé omi wà nínú ara tó máa ń ti ọwọ́ gòkè lọ sí abíyá, pé àwọn kókó tí wọ́n yọ wà lára ọ̀nà tó ń gbà. Ọ̀nà tó ṣẹ́ kù kò pọ̀. Ìbọ̀pá gidi máa ń fún jù ní ọrùn ọwọ́, á wá máa dẹ̀ bó ṣe ń gòkè, kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Èyí tí ìyá rán fún jù ní òkè, ó wá sé omi mọ́ ìsàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà mú téèpù. Ó wọn apá òsì, ó wọn apá ọ̀tún, láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká, ibi mẹ́wàá lórí apá kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Ó-bá-mi-mu kò tíì rí ibi tí wọ́n ti wọn apá kan báyìí rí. Ojú ń tì í. Ní ibi mẹ́ta, apá ọ̀tún tóbi ju ti òsì lọ.

"Ìgbà wo ló ti ń wúwo, Mà?"

"Kò wúwo."

Nọ́ọ̀sì na ìwé tó kọ ìwọ̀n náà sí sí ìyá. Ọkọ rẹ̀ yíjú sí i.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ni ìyá wí, ó sì bú sẹ́kún. "Mo rò pé ẹ máa ní kí n má lọ ni."

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó tún jókòó. Ó dùn ún wọra pé ilé kan náà làwọn jọ ń gbé, òun ò sì mọ̀.

"Mà, mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ló ń wọ bàálù, tí nǹkan kan kì í ṣe apá wọn. Ṣùgbọ́n tiyín ti fẹ́ máa gba omi dúró, ẹ gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì wà. Ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe ìdájí ọ̀la lẹ fẹ́ lọ."

Dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dì sí apá náà, tàbí bóyá àrùn ọjọ́sí ló padà. Ìdúró de èsì yẹn ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú lórí bẹ́ǹṣì, kò jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi pè wọ́n. Kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Wọ́n bá a ra ìbọ̀pá tó bá ìwọ̀n apá rẹ̀ mu, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó bò ó dé àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ní kó máa wọ̀ ọ́ nílé ní díẹ̀díẹ̀ kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé, kó padà wá kí wọ́n tún wò ó. Nígbà tó padà, nọ́ọ̀sì yẹ ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ó lè wọ bàálù.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, ìyá wọn ibi mẹ́ta tó tóbi náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì wọ ìbọ̀pá rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ní pápákọ̀ òfurufú, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀: ó ní kí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí bá òun gbé ẹrù sókè. Nínú bàálù, ó ń mu omi, ó ń di ìkúùkù, ó ń tú u, ó sì ń dìde rìn. Kò sí wákàtí kan tí kò wo ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nílé ọmọ rẹ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bọ́ ìbọ̀pá náà. Ọmọ ló di téèpù mú. Ó wọn ibi mẹ́ta náà, ó pe ìwọ̀n wọn. Ìyá ní kó tún un wọ̀n. Wọn ò fi nǹkan kan ju ti ọjọ́ tó kúrò nílé lọ. Ìyá fi orí lé èjìká ọmọ rẹ̀, ó sunkún, lẹ́yìn náà ó ní kó dìde kó wọ aṣọ náà kí òun wò ó.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọmú, bí ẹ bá fẹ́ wọ bàálù, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó tọ́jú yín, kó tó ku ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ló máa sọ bóyá ẹ nílò ìbọ̀pá. Ẹ má rán an fúnra yín, ẹ má yá ti ọ̀rẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ ìrìnàjò jẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì gbé ẹrù tó wúwo, ẹ má fi nǹkan tó fún sí ọwọ́ náà, ẹ sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ egbò àti ẹ̀fọn. Bó bá pọ́n, tó gbóná, tàbí ibà mú yín, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ibi yòówù kẹ́ ẹ wà.

Bó bá sì jẹ́ pé apá yín ti ń wúwo bẹ́ ẹ ṣe ń ka èyí, tẹ́ ẹ sì ń fi pa mọ́, ẹ má dúró de ìrìnàjò kankan. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan nílé yín lónìí, kẹ́ ẹ jọ lọ.